Ẹjọ́ Àgbá Ẹ̀gẹ́

Kòkó tí wọ́n jí gbé lórí ẹní ni Ọlọ́runníyì lọ fi sun ọlọ́pàá. Nígbà tí ọlọ́pàá dé, ìyàwó rẹ̀ ni ó mú.

Kò tíì pẹ́ tí a gba òmìnira. Àsíá kékeré tí wọ́n pín fún àwọn ọmọ iléèwé ṣì wà lókè ẹnu ọ̀nà ilé wọn ní Òrè, níbi tí Evelyn, ọmọ wọn obìnrin, há a sí. Ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ètè gbogbo ènìyàn ń bó. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà Olúbísí, ìyàwó Ọlọ́runníyì, wà lẹ́yìnkùlé, ó ti apá méjèèjì bọ inú àgbá dé ìgbọ̀nwọ́, ó ń kó ẹ̀gẹ́ tó ti rọ̀ jáde sínú àpò, kí ó lè fún omi rẹ̀ dànù, kí ó sì mọ ọ́n ní púpurú. Iná tí wọn yóò fi yan án gbẹ ti ń jó lábẹ́ àjà. Àríkẹ́, ìyá ọkọ rẹ̀, jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ó ń fi ọ̀bẹ ha ara dúdú kúrò lára èyí tó ti gbẹ.

Ọlọ́runníyì ló kọ́kọ́ wọlé, inú rẹ̀ sì dùn. Láti ìjẹta tí àwọn olè ti wọ oko rẹ̀ ní ọ̀nà Omifúnfún, tí wọ́n kó kòkó gbígbẹ lọ bí ẹni tó ń kó ẹrù bàbá rẹ̀, ó ti ń lọ, ó ti ń bọ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá. Lónìí wọ́n dá a lóhùn. Kọ́púrà Olúbáyọ̀ ń tẹ̀ lé e bọ̀, bàtà rẹ̀ ń dán, okùn fìlà rẹ̀ wà lábẹ́ àgbọ̀n.

"Ìyá, ẹ wò ó," ni Ọlọ́runníyì wí, "ìjọba ti dé."

Àríkẹ́ kí kọ́púrà káàárọ̀. Olúbísí náà kúnlẹ̀ kí i, omi ẹ̀gẹ́ ń ro lọ́wọ́ rẹ̀.

Kọ́púrà kò béèrè ọ̀nà oko. Kò béèrè ẹni tí wọ́n rí tàbí ẹni tí wọ́n fura sí. Ó dúró, ó fa imú, ó sì lọ tààrà síbi àgbá.

"Kí ni èyí?"

"Ẹ̀gẹ́ ni, sà," ni Olúbísí dáhùn.

"Ẹ̀gẹ́ ló ń hó báyìí?"

"Ó ti kan ni, sà. Bó ṣe máa ń kan nìyẹn kí a tó fún un."

Ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó gbé e símú. "Ohun tí wọ́n fi ń se ògógóró rèé. Ta ló ni àgbá yìí?"

Olúbísí kò tíì mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà já sí. "Èmi ni mo ni ín," ni ó wí, bí ènìyàn ṣe ń sọ pé òun lòun ni ọmọ òun.

"Nu ọwọ́ rẹ. Ìwọ àti èmi ń lọ sí kóòtù."

Ọlọ́runníyì rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó rò pé àwàdà ni. Nígbà tí ó rí i pé kọ́púrà kò rẹ́rìn-ín, ó sún mọ́ ọn. "Kọ́púrà, ẹ jọ̀wọ́, ọ̀rọ̀ kòkó ni mo bá wá sọ́dọ̀ yín."

"Ti kòkó ń bọ̀. Ti ìjọba ló ṣáájú."

Àríkẹ́ gbé ọ̀bẹ rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú," ni ó wí, "ló fi ata sẹ́nu yìí." Ó sì tún gbé ọ̀bẹ náà, ó ń ha púpurú rẹ̀ lọ.

Kò sí ẹni tí kò mọ ohun tó ń lé kọ́púrà kiri ní àdúgbò náà. Ọ̀gá rẹ̀ àgbà máa ń wá lóṣooṣù, ohun kan ṣoṣo ló sì máa ń béèrè: èèyàn mélòó ni kóòtù dá lẹ́bi? Kì í béèrè ẹrù olè tí wọ́n gbà padà. Kì í béèrè bí àwọn àgbẹ̀ ṣe ń sùn. Ọlọ́pàá tó bá fẹ́ mú olè kòkó, àfi kó sùn sínú igbó, kó tọpa mọ́tò dé Oǹdó, kó wá ẹlẹ́rìí, kó máa bẹ̀ ẹ́, ẹjọ́ náà sì lè wà nílẹ̀ títí ìkórè mìíràn yóò fi dé. Ṣùgbọ́n ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ láìní iná, tàbí ẹni tí wọ́n ní ọtí wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, yóò ti sọ pé òun jẹ̀bi kí oòrùn tó kàn àtàrí. Ọ̀kan ni gbogbo wọn jẹ́ lójú ọ̀gá. Ìlà funfun kan ló kù kí Olúbáyọ̀ fi kún ti apá rẹ̀ kó tó di sájẹ́ńtì, oṣù sì ti ń lọ sópin.

Nígbà tí wọ́n dé iwájú ilé, ohùn rẹ̀ rọ̀. Ó bá Ọlọ́runníyì sọ̀rọ̀ bí ọ̀rẹ́. "Má dààmú. Kóòtù ń jókòó ní Odígbó lónìí. Kó ṣáà sọ pé òun jẹ̀bi. Ìtanràn kékeré ni wọn yóò bù lé e, kó tó di àsìkò oúnjẹ alẹ́ yóò ti padà wá sídìí iná rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ní òun kò jẹ̀bi, àwa ni a ó tì í mọ́lé títí kóòtù yóò fi tún jókòó. Ìwọ náà rò ó."

Àwọn ará àdúgbò ti ń pé jọ. Láoyè, ẹ̀gbọ́n Ọlọ́runníyì, tó ń ra kòkó fún ilé iṣẹ́ òyìnbó, sáré ti ìsọ̀ rẹ̀ dé, eruku kòkó sì ń bẹ lára aṣọ rẹ̀. Wọ́n rò ó fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó yíjú sí Olúbísí.

"Ìyàwó, gbà."

"Kí n gba kí ni, Bọ̀dá?"

"Kí o sọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́. Èmi ni n ó san ìtanràn náà. Àsìkò kòkó la wà. Bí wọ́n bá tì ọ́ mọ́lé, ta ni yóò dáná fún àwọn alágbàṣe? Ta ni yóò mójú tó ìyá wa? Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, afẹ́fẹ́ yóò gbé e lọ."

"Irọ́ ni, Bọ̀dá."

"Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Ta ni yóò rántí?"

"Wọ́n á rántí."

Wúlẹ̀mọ̀tù ló sọ̀rọ̀, aládùúgbò wọn tó ń ta epo fìtílà ní òdìkejì ọ̀nà. Kì í ṣe ẹni tó máa ń dá sí ọ̀rọ̀ ilé onílé. Ó dúró lẹ́nu ìsọ̀ rẹ̀, ó ká ọwọ́ sáyà.

"Wọ́n á rántí, Bàbá oníkòkó. Ọkọ mi rèé. Nígbà tí tapólì tí wọ́n fi ń bo ẹrù mọ́tò sọnù ní gáréèjì lọ́dún tó kọjá, kọ́púrà yìí náà ló ní kí ó sọ pé òun jẹ̀bi kí ó lè tètè rí mọ́tò rẹ̀ gbà. Ó sọ ọ́. Wọ́n rí tapólì náà nínú ilé ẹlòmíràn lẹ́yìn náà. Ṣé wọ́n wá bẹ̀ ẹ́? Láti ìgbà náà, bí abẹ́rẹ́ bá sọnù ní gáréèjì, ilé wa ni wọ́n ń kọ́kọ́ wá. Ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó dàrán borí, aṣọ olè ló dà bora. Ẹni tí kò jalè rárá ńkọ́?"

Kàmọ́rù, ọkọ rẹ̀, wà lábẹ́ mọ́tò akẹ́rù rẹ̀ nítòsí, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni a ń rí. Òòlù tó ti ń dún lábẹ́ mọ́tò náà dákẹ́. Nígbà tó ṣe, òòlù náà tún bẹ̀rẹ̀.

Ọlọ́runníyì ń wo ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ̀ ọ́ létí, ọ̀rọ̀ Wúlẹ̀mọ̀tù náà wọ̀ ọ́ létí. Òun ló lọ pe ọlọ́pàá, ìtìjú rẹ̀ sì pọ̀ ju ìbẹ̀rù rẹ̀ lọ. "Ìyá Evelyn," ni ó wí jẹ́jẹ́, "ro ti ọmọ."

"Ti ọmọ náà ni mo ń rò, Bàbá Evelyn. Ẹ fẹ́ kí wọ́n máa pè é ní ọmọ ìyá tó ń se ògógóró? Ẹnu yìí ni mo fi ń dárí àdúrà àwọn obìnrin nílé àdúrà. Bí mo bá fi jẹ́wọ́ ohun tí mi ò ṣe lónìí, kí ni mo tún fẹ́ fi sọ lọ́jọ́ Ìsinmi?"

"Agídí ni," ni Láoyè wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Agídí kì í gbani lọ́wọ́ ọlọ́pàá."

"Mo gbọ́, sà."

Láoyè fẹ́ sọ̀rọ̀ líle, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ jáde láti ẹ̀yìnkùlé. Àríkẹ́ kò ga, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti tẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé àárín wọn, àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì yẹ̀ fún un.

"Ikú yá ju ẹ̀sín," ni ó wí. "Ẹ fi ìyàwó mi sílẹ̀. Olúbísí, wọlé wá jẹun. Ẹnìkan kì í fi inú òfìfo lọ jẹ́jọ́."

Olúbísí fọ ọwọ́ rẹ̀, ó pààrọ̀ ìró, ó jókòó sí yàrá ìdáná, ó sì jẹun. Púpurú gbígbóná ni, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja tí Àríkẹ́ fi epo tuntun sè. Kò kánjú. Níta, Kọ́púrà Olúbáyọ̀ dúró nínú oòrùn, òórùn ọbẹ̀ náà ń bá a níbi tó wà. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì. Kò tíì sí àlejò kan, ì báà ṣe agbowó-orí, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà Àríkẹ́ ní àsìkò oúnjẹ tí wọn kò ní "ẹ wá bá wa jẹ" fún. Lọ́jọ́ náà kò sí ẹni tó sọ ọ́. Kọ́púrà náà sì mọ̀.

Mọ́tò Kàmọ́rù ni wọ́n wọ̀ lọ sí Odígbó. Kọ́púrà jókòó síwájú. Olúbísí, ọkọ rẹ̀, Àríkẹ́, àti Wúlẹ̀mọ̀tù tó ti pa ìsọ̀ rẹ̀ dé, jókòó lẹ́yìn lórí àpò. Láoyè ní òun kò lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mọ́tò fẹ́ gbéra, ó ti ẹsẹ̀ bọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì jókòó láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n dé, Ọlọ́runníyì ti ọwọ́ bọ àpò, Kàmọ́rù mi orí fún un. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sí kọ́púrà.

"Owó ọkọ̀, sà."

Kọ́púrà wò ó títí. Àwọn ènìyàn wà níbẹ̀, wọ́n ń wò. Ó san án.

Ilé kóòtù kún. Ààrẹ kóòtù, olóyè àgbà kan tó wọ gíláàsì, jókòó láàárín àwọn ìgbìmọ̀ rẹ̀ méjì. Àwọn ẹlẹ́jọ́ kọ́púrà ń tò kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Akọ̀wé yóò ka ẹ̀sùn, ẹlẹ́jọ́ yóò ní, "Mo jẹ̀bi." Akọ̀wé yóò ka òmíràn. "Mo jẹ̀bi." Ẹmu ni, iná kẹ̀kẹ́ ni, ewúrẹ́ tó ń jẹ̀ kiri ni. Ó ń lọ bí "àmín" tí ń tẹ̀ lé àdúrà. Àwọn tó ti sọ tiwọn jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n ń tú owó nídìí aṣọ, wọ́n tẹ orí ba bí ọmọ tí wọ́n nà.

Wọ́n pe Olúbísí. Akọ̀wé ka ti rẹ̀, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Mi ò jẹ̀bi," ni Olúbísí wí.

Akọ̀wé ti fẹ́ máa kọ ọ́ lọ bó ṣe ń kọ tàwọn yòókù. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. "Kí lo wí?"

"Mo ní mi ò jẹ̀bi."

Ààrẹ yọ gíláàsì rẹ̀. "Ìyá, ṣé o mọ ohun tí o ń sọ?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá. Wọ́n jí kòkó wa lóko. Ọkọ mi lọ pe ọlọ́pàá kí wọ́n bá wa wá olè. Ọlọ́pàá kò dé oko. Àgbá tí mo fi ń rẹ ẹ̀gẹ́ ni ó rí, òun náà ni ó ní kí n wá jẹ́wọ́ rẹ̀ níwájú yín. Mi ò se ọtí rí. Mi ò mu ún rí. Mi ò lè jẹ́wọ́ rẹ̀."

Ariwo díẹ̀ sọ nínú kóòtù, ó sì rọlẹ̀. Ààrẹ yíjú sí Olúbáyọ̀.

"Kọ́púrà, ìkòkò tó fi ń sè é dà?"

"N kò tíì rí i, Bàbá."

"Ọtí tó sè ńkọ́? Ta ló rà á lọ́wọ́ rẹ̀?"

"A ṣì ń wádìí rẹ̀, Bàbá."

"Ẹlẹ́rìí rẹ?"

Kọ́púrà wo ẹ̀yìn bí ẹni pé ẹlẹ́rìí kan lè jáde láti ara ògiri. Òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀ nínú ọyẹ́.

"Ìwọ mú abilékọ kúrò nílé ọkọ rẹ̀," ni ààrẹ wí, "o gbé e wá síwájú mi, o kò sì mú nǹkan kan dání?"

"Bàbá," ni Olúbáyọ̀ wí, ẹnu rẹ̀ sì ti sọ ọ́ kó tó mọ̀, "wọn kì í sọ pé àwọn kò jẹ̀bi. Wọ́n máa ń gbà ni."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Kò sí ẹni tó bá a rín in. Ẹ̀rín náà dá wà fún ìṣẹ́jú kan, ó sì kú. Ààrẹ yí ojú rẹ̀ lọ sí ara bẹ́ńṣì ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó ń wo àwọn tó jókòó síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé ìgbà yẹn ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí wọn.

Ọkùnrin arúgbó kan dìde láàárín wọn, ará Àgbàbú, tí wọ́n mú nítorí ẹmu. "Bàbá," ni ó wí, "ṣé ènìyàn lè mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà?"

Ààrẹ gbé gíláàsì rẹ̀ wọ̀. "Jókòó ná. N ó gbọ́ tìrẹ."

Ó sún ẹjọ́ Olúbísí sí ìjókòó mìíràn, ó sì ní kí ó máa lọ sílé bó bá rí onídùúró, ọkùnrin tó nílé lórí, tó sì lórúkọ. Ọkọ kò lè ṣe onídùúró aya. Kí ó tó sọ ọ́ tán, Kàmọ́rù ti dìde, ọwọ́ rẹ̀ ṣì dúdú fún epo mọ́tò.

"Èmi ni, Bàbá."

Akọ̀wé wò ó. "Ìwọ kọ́. Ìwọ ti jẹ̀bi níbí rí."

Kàmọ́rù dúró síbẹ̀ díẹ̀, ó sì jókòó. Wúlẹ̀mọ̀tù fi ọwọ́ lé orúnkún rẹ̀, ó ń wo iwájú, ojú rẹ̀ gbẹ.

Ìgbà náà ni Láoyè dìde. Ó tún agbádá rẹ̀ ṣe. Ẹnu tó fi ní "gbà" ní àárọ̀ náà ló fi sọ ọ́, kedere, kí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà lè gbọ́: "Èmi Láoyè, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. Mo dúró fún un. Ilé mi wà ní Òrè, ìsọ̀ mi wà níbẹ̀. Ìyàwó wa kì í purọ́."

Níta, lábẹ́ igi, kọ́púrà tọ Olúbísí wá. Ó ti ṣí fìlà. Ọjọ́ orí rẹ̀ kéré sí bí ó ṣe rí lábẹ́ fìlà náà.

"Ìyá Evelyn," ni ó wí, "ẹ ti bà mí jẹ́. Ọ̀gá mi ń bọ̀ lọ́la, kí ni kí n sọ fún un?"

Láti àárọ̀, ìgbà àkọ́kọ́ rèé tó fi "ẹ" sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Olúbísí kò fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ sọ fún un pé kòkó ń sọnù ní ọ̀nà Omifúnfún. Bó bá ní kí ẹ lọ, ọkọ mi yóò fi ọ̀nà hàn yín."

Kọ́púrà wo bàtà rẹ̀ tí eruku ti bò, ó dé fìlà rẹ̀, ó sì lọ. Kò lọ sí Omifúnfún lọ́jọ́ náà, kò sì lọ lọ́jọ́ kejì. Wọn kò rí kòkó náà gbà títí di òní. Nígbà tí kóòtù tún jókòó, kò mú ẹlẹ́rìí wá, ààrẹ sì da ẹjọ́ àgbá ẹ̀gẹ́ nù. Ó da ti ará Àgbàbú nù bákan náà. Ṣùgbọ́n Kàmọ́rù kò rí ẹni gba tirẹ̀ padà fún un. Ohun tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ ti wà nílẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni mọ́tò wọ Òrè. Ìròyìn ti ṣáájú wọn dé. Àwọn obìnrin ilé àdúrà dúró lẹ́bàá ọ̀nà nínú aṣọ funfun; àwọn onímọ́tò ní gáréèjì, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán, gbé ọwọ́ sókè. Wọn kò pariwo. Wọ́n kàn ń kí i bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀, "Ìyá Evelyn, ẹ kú ewu," ohùn kan lẹ́yìn ìkejì, títí ó fi wọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Kò tẹ orí ba bó ṣe ń dáhùn.

Àríkẹ́ ni ó dáná. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ràn án lọ́wọ́. Nígbà tí oúnjẹ délẹ̀, Láoyè jókòó, Ọlọ́runníyì jókòó, Wúlẹ̀mọ̀tù àti ọkọ rẹ̀ náà jókòó, nítorí Àríkẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n lọ. Ó bu ọbẹ̀ fún oníkálukú. Orí ẹja ńlá ni ó gbé kẹ́yìn. Nílé náà, bí baálé bá wà nílé, tirẹ̀ ni orí ẹja. Àríkẹ́ gbé e kọjá níwájú ọmọ rẹ̀ àgbà, ó gbé e kọjá níwájú èkejì, ó sì gbé e sínú abọ́ Olúbísí.

Ọlọ́runníyì fa abọ́ omi tí wọ́n fi ń wẹ ọwọ́ kúrò níwájú ara rẹ̀, ó rọra tì í sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀.

Olúbísí wẹ ọwọ́. Ó ń fara balẹ̀ jẹ orí ẹja náà níṣojú gbogbo wọn, kò sì dá a dúró títí ó fi ku egungun.